Àdìgún Gbá Oko Bí Ilé

Ìgbálẹ̀ ni Àdìgún fi ń gbá abẹ́ kòkó rẹ̀, bí ẹni tó ń retí àna. Á sun gbogbo ewé tó bá gbá, á da eérú rẹ̀ sóko Ìyá Dúródọlá tí wọ́n jọ pààlà.

“Ẹ má bínú, Ìyá. Oko yín kúkú ti dọ̀tí tẹ́lẹ̀.”

Ìyá kì í gbá ewé tirẹ̀. Abẹ́ igi ló ń jẹrà sí.

Nígbà tó yá, kòkó Ìyá so jìngbìnnì. Ewé ti Àdìgún pọ́n bí ojú oníbà. Ló bá gbé agbọ̀n dé.

“Ìyá, eérú mi dà?”

“Ó ti di kòkó! Oúnjẹ igi lò ń sun. Wọ́n ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀; Àdìgún, ìwọ lo wá ń tọ eérú!”