Kòkòrò Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ọkùnrin kan wà ní ilé àyẹ̀wò ọsibítù kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wo ẹ̀jẹ̀ àti ọyún egbò àwọn aláìsàn, kí ó sọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀. Orúkọ tó bá kọ ni dókítà ń wò kó tó fún èèyàn lóògùn.

Wọ́n gbé ọyún wá láti ọwọ́ ọ̀tún aránṣọ kan tí abẹ́rẹ́ gún. Ọkùnrin náà gbìn ín sínú àwo, kòkòrò hù. Àyẹ̀wò mẹ́wàá ló ṣe fún un. Mẹ́jọ bá kòkòrò kan mu nínú ìwé ńlá tí wọ́n to ìdílé kòkòrò sí, méjì kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Ó kúkú jọ ọ́." Ó kọ orúkọ èyí tó jọ, ó lọ jẹun.

Dókítà lo oògùn orúkọ yẹn, egbò ń jẹ lọ. Wọ́n tún gbé ọyún wá. Ṣé o rò pé ó yẹ̀ ẹ́ wò? Ó ṣí èsì ti tẹ́lẹ̀, ó dà á kọ. Nígbà tí wọ́n gbé e wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó bínú, ó tún dà á kọ. Ó ní, "Ṣé kòkòrò ń pa orúkọ bàbá ẹ̀ dà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni?" Inú ń bí èmi náà bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Lọ́jọ́ tí kò wá síbi iṣẹ́, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gba ọyún kẹrin. Ó ṣe àyẹ̀wò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó rí méjì tó kọ̀, ó sì kọ̀wé sí dókítà pé: "A ò mọ èyí. Kò sí nínú ìwé wa. Ẹ jẹ́ ká fi oògùn dán an wò lọ́kọ̀ọ̀kan." Oògùn kan tó ti wà lórí pẹpẹ látọjọ́ yìí ló pa kòkòrò náà. Àmọ́ wọ́n ti gé ìka aránṣọ náà mẹ́ta.

Aránṣọ náà lọ bá ọkùnrin yẹn. Kò pariwo. Ó ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tí ẹ ò lè sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n?"

Tísà Oyèkúnlé, ìwọ ni mò ń bá wí, má wojú ẹlòmíì. Ní ti ọmọbìnrin Ìyá Àṣàbí, ìwọ lo kọ "olódo" sínú ìwé èsì rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, torí ó jọ olódo kan tí o ti kọ́ rí. Àwọn tísà tó gbà á lẹ́yìn rẹ ń dà á kọ. Ẹnìkan ò bi í bóyá etí rẹ̀ ń gbọ́rọ̀, bóyá ó ń rí pátákó. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ yọ ọmọ náà kúrò nílé-ìwé lórí ọ̀rọ̀ tí o kọ. Dìde. Lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé rẹ, kí o sọ fún un pé o ò mọ̀.