Àkèré Tó Fò Tí Kò Padà

Ẹ ká ẹsẹ̀ yín kò, ẹ jẹ́ kí n ríbi jókòó. Àyìnlá, mo rí ọ o. O fo Àbíkẹ́ lẹ́sẹ̀ kọjá, ó ní kí o padà wá fò ó, o ní o ti jókòó. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n yẹn, ẹkún ló fẹ́ẹ́ sun. Ó dáa, jókòó síbẹ̀. Mi ò ní bá ọ jà lálẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí n pa ààlọ́ fún yín ná. Orin inú rẹ̀ kò ṣòro. Bí mo bá ti dá a, kí ẹ máa gbè é pé, “Tọ́ntọ́n-tọ́n, fò padà!” Kí ẹnikẹ́ni má sì kùn sínú, etí mi kì í gbọ́ kíkùn mọ́.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bẹ́ gìjà, kò balẹ̀ síbòmíràn, orí Àwẹ̀ró ló balẹ̀ sí, àti Ẹnìtàn ọmọ rẹ̀, àti Àkèré kékeré kan tó fò tí kò padà.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ẹranko àti èèyàn ṣì ń kí ara wọn lójú ọ̀nà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ilé rẹ̀ wà létí àbàtà. Ọkọ rẹ̀ ti kú, oyún ló fi sílẹ̀ fún un. Lójoojúmọ́ ni Àwẹ̀ró máa ń jókòó sójúde, á na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, á máa bó ẹ̀gúsí, á sì máa bá ọmọ inú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Á ní, “Tètè máa bọ̀ o, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ lo máa bá mi ru omi.”

Lọ́jọ́ kan, ó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́, ó gbọ́ tí koríko ń dún. Kó tó gbójú sókè, Àkèré ti bẹ́ jáde. Tọ́ún! Ó fo Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀ kọjá. Tọ́ún! Ó kó sínú igbó lódì kejì. Kí ló ń lé e? Ejò ni. Ejò wọ́ tẹ̀lé e, wọ̀ọ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá.

Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fo aboyún lẹ́sẹ̀ kọjá gbọ́dọ̀ gba ibi tó gbà padà, kó tún un fò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ inú á jọ ọ́. Àwẹ̀ró fi ọwọ́ méjèèjì di inú mú. Ó pariwo, “Àkèré, jọ̀wọ́, padà wá fò mí!” Àwẹ̀ró kò kúrò lójú kan náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò ká ẹsẹ̀ kò. Àkèré kò wá.

Nígbà tó yá, Àwẹ̀ró bí ọmọbìnrin. Ọmọ náà dúdú, ó ń dán, ó sì rẹwà. Ó sọ ọ́ ní Ẹnìtàn. Nígbà tí àsìkò àtirìn tó, Ẹnìtàn dìde. Gbogbo ará ilé ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ní, “Tẹ̀ẹ́! Tẹ̀ẹ́!” Ẹnìtàn kò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì. Ó pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fò. Tọ́ún! Ó tún fò. Tọ́ún! Àtẹ́wọ́ dákẹ́.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà náà ló ń fò. Ó ń fò lọ sóko, ó ń fò bọ̀ nílé. Kò sí ọmọ tó lè bá a fo kòtò, eré yẹn sì dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò lè ru nǹkan kan. Bí wọ́n bá gbé igbá omi lé e lórí, tó bá fò lẹ́ẹ̀kan, wàà! Omi ti dà sí i lára. Tó bá tún fò, igbá á já bọ́, á fọ́. Láràárọ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tò lọ sódò, tí wọ́n ń tò bọ̀ pẹ̀lú omi lórí. Ẹnìtàn á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ìyá rẹ̀ tó ń dá ru omi bọ̀. Ẹrù ti ti ọrùn Àwẹ̀ró wọ àárín èjìká.

Ẹnìtàn á ní, “Ìyá mi, irú ọmọ wo lèmi yìí?”

Àwẹ̀ró á ní, “Ọmọ mi ni ọ́.”

Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá dé ibí yìí. Ẹ ti igi yẹn síná fún mi.

Àwẹ̀ró ní òun kò ní káwọ́ gbera. Kò mọ ibi tí Àkèré wà, ó ní bóyá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n fò lè bá òun tún un ṣe. Ó mú Ẹnìtàn, ó di ọ̀nà ọ̀dọ̀ Tata. Orí ewé àgbàdo ni Tata wà. Àwẹ̀ró kí i, ó ro ẹjọ́ fún un. Àánú ṣe Tata. Ó ní, “Ẹ jókòó, ẹ na ẹsẹ̀.” Àwẹ̀ró jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó gbé Ẹnìtàn lé itan bí ìgbà tó wà nínú oyún. Tata ta pẹ́ẹ́! Ó fò wọ́n kọjá. Wọ́n gbé igbá omi lé Ẹnìtàn lórí, wọ́n ní kó máa lọ. Tọ́ún! Wàà! Omi dà nù. Tata ní, “Ẹ má bínú o, ìyá. Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn.” Àwẹ̀ró fi orin sẹ́nu, ó ń lọ:

Àkèré, Àkèré o,
*Tọ́ntọ́n-tọ́n, fò padà!*
O fò mí lẹ́sẹ̀ kọjá,
*Tọ́ntọ́n-tọ́n, fò padà!*
Ọmọ mi ò lè ru omi,
*Tọ́ntọ́n-tọ́n, fò padà!*
Jọ̀wọ́, wá gba fífò rẹ,
*Tọ́ntọ́n-tọ́n, fò padà!*

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí ọ̀pẹ, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹyìn. Ó ní, “Fífò lásán-làsàn? Ẹ wò mí!” Àwẹ̀ró na ẹsẹ̀, ó gbé Ẹnìtàn lé itan. Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ́ fìrì láti ọ̀pẹ kan, ó gba orí wọn kọjá, ó dì mọ́ ọ̀pẹ kejì. Ó bẹ́ lọ, ó bẹ́ bọ̀, kò sí ẹni tó ní kó tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé igbá omi lé Ẹnìtàn lórí. Tọ́ún! Wàà! Ọ̀kẹ́rẹ́ ni omi dà lé nírù. Ó gun ọ̀pẹ padà, ó já ẹyìn tó pọ́n jù, ó kó o fún Ẹnìtàn pé kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹ gbe orin!

Àkèré, Àkèré o,
*Tọ́ntọ́n-tọ́n, fò padà!*
Jọ̀wọ́, wá gba fífò rẹ,
*Tọ́ntọ́n-tọ́n, fò padà!*

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ẹtu nínú ọ̀dàn. Àwẹ̀ró na ẹsẹ̀, ó gbé Ẹnìtàn lé itan. Ẹtu sún sẹ́yìn, ó fò gìjà! Ìgbà tó wà lókè, Ẹnìtàn ní ṣe ni ikùn rẹ̀ funfun bí òwú. Ó balẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé igbá omi lé Ẹnìtàn lórí. Tọ́ún! Wàà! Ọ̀tẹ̀ yìí Ẹnìtàn jókòó sínú omi tó dà sílẹ̀, ó sunkún. Ẹtu dùbúlẹ̀ tì í, ó lá omijé ojú rẹ̀ títí tó fi dákẹ́.

Ẹtu wá ní, “Ìyá, gbogbo wa la ń fò, ṣùgbọ́n tèmi ọ̀tọ̀, ti Tata ọ̀tọ̀, ti Ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀tọ̀. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọ yìí, ti Àkèré ni. Òun nìkan ló lè gbà á. Mo máa ń rí i tí mo bá lọ mumi. Orí gbòǹgbò kan láàárín àbàtà ló ń gbé. Kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.”

Bí wọ́n ṣe dé etí àbàtà nìyẹn. Láti ọjọ́ tí Ẹnìtàn ti fẹsẹ̀ fò ni Àwẹ̀ró ti ń kó èébú tó máa bú Àkèré jọ. Ṣùgbọ́n orin ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó kọ ọ́. Ni ohùn kékeré kan bá dáhùn láti orí gbòǹgbò.

“Ìyá, èmi rèé. Mo gbọ́ igbe yín lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ padà, Ejò dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Nígbà tí Ejò máa kúrò, mo ti gbọ́ pé ọmọ yín ń fò. Ìtìjú ló wá dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà dípò Ejò. Bí mo ṣe jókòó síhìn-ín nìyẹn.”

Gbogbo èébú Àwẹ̀ró pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, “Háà, Àkèré. Ẹ̀rù ló bà ọ́.” Àkèré bú sẹ́kún.

Bó ṣe ń sunkún ni omi ẹ̀yìn rẹ̀ ń là sí méjì, wẹ́rẹ́, wẹ́rẹ́. Ejò ni. Àkèré kò rí i. Àwẹ̀ró rí i, ó sáré wọ àbàtà, ẹrọ̀fọ̀ gbé e mì dé orúnkún. Ẹnìtàn kò dúró ronú. Tọ́ún! Ó dé orí òkúta. Tọ́ún! Ó dé orí igi tó wó sómi. Tọ́ún! Ó dé orí gbòǹgbò, ó gbá Àkèré mú. Ejò la ẹnu, ó ṣán, pàì! Gbòǹgbò ló gé jẹ. Tọ́ún, tọ́ún, tọ́ún, kí Àwẹ̀ró tó fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrọ̀fọ̀, Ẹnìtàn ti padà sétí àbàtà.

Àyà Àkèré ń lù kì-kì-kì ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ẹsẹ̀ tí mo fi bà ọ́ nínú jẹ́ lo fi gbà mí lẹ́nu ikú. Bí mo bá gba fífò mi, o ò ní lè fò báyìí mọ́. Ṣé kí n gbà á?”

Ẹnìtàn wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rántí eré kòtò. Ó wo ọrùn ìyá rẹ̀. Ó ní, “Gbà á. Mo fẹ́ bá ìyá mi ru omi.”

Wọ́n gbé Àkèré dé ojúde, ibi tí Àwẹ̀ró jókòó sí lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Àwẹ̀ró na ẹsẹ̀. Ẹnìtàn ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju ti ìyá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó jókòó lé e nítan. Àkèré lọ sí òdì kejì níbi tó balẹ̀ sí nígbà náà. Ó mí kanlẹ̀. Tọ́ún! Ó fò wọ́n padà.

Ẹnìtàn dìde. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó gba ọ̀nà odò lọ, ó pọn omi kún igbá, ó gbé e rù. Omi ń mì lórí rẹ̀, kò dà. Àwẹ̀ró ń rìn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orí rẹ̀ ṣófo, kò tilẹ̀ mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Wọ́n dé ojúde. Ẹnìtàn yíjú sí ìyá rẹ̀ láti fi omi hàn án, inú rẹ̀ dùn, ó dùn kọjá bó ṣe yẹ, ni ó bá pa ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó fò sókè! Wàà! Omi bo àwọn méjèèjì.

Àwẹ̀ró kígbe, “Yéè! Ó ti padà dé!”

Àkèré ní, “Ẹ má bẹ̀rù, ìyá. Mo ti kó tèmi. Èyí kì í ṣe tèmi, ti ayọ̀ ni.”

Àwẹ̀ró nu omi ojú, ó wo ọmọ rẹ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, òun náà fò sókè. Láti ọjọ́ náà ni èèyàn ti ń fò fáyọ̀. Àkèré ní tirẹ̀, tó bá fò lẹ́ẹ̀kan, á dúró ná, á wòye bóyá òun ti fo ẹnìkan lẹ́sẹ̀ kọjá, kó tó tún fò. Ẹ wò ó dáadáa lọ́la.

Ààlọ́ mi kọ́ wa pé bí a bá ṣe ohun tó pa ẹlòmíràn lára, ìbáà ṣe ẹ̀rù ló mú wa ṣe é, ká padà lọ tún un ṣe, ká má jẹ́ kí ìtìjú dá wa dúró. Ó sì kọ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pé kó gbọ́ tẹnu ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ kó tó bú u.

Bí mo bá parọ́ fún yín, kí n fò báyìí kí ilẹ̀ má dún. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú. Tìì! Ẹ gbọ́ ọ, àbí ẹ ò gbọ́? Orúnkún mi náà gbọ́ ọ.

Ta ló dìde yẹn? Àyìnlá, níbo lò ń lọ? Háà. Àbíkẹ́, má sunkún mọ́, na ẹsẹ̀ rẹ dáadáa. Ó ń padà bọ̀.