Ààlè Òkété Lẹ́yìnkùlé Àparò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi ta gìgìrì, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé Àparò. Bàbá Ọlábímtán, ẹ má tíì sùn o. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

Ní ìgbà kan rí, Àparò, ẹyẹ tí gbogbo àgbẹ̀ ń lé lóko, dá oko tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ mẹ́fà ló ní, kò sì lọ́kọ. Bí àkọ́rọ̀ òjò ṣe rọ̀, ó gbin tẹ̀tẹ̀, ilá àti ata sí ìdí ìbẹ́pẹ rẹ̀. Nígbà tí òjò kẹrin yóò fi rọ̀, tẹ̀tẹ̀ ti fẹ̀, ilá ti tanná, ìbẹ́pẹ ti ń pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àká ti ṣófo. Oko yìí nìkan làwọn ọmọ ń wò.

Òkété, aládùúgbò rẹ̀, kì í pa àárọ̀ kan jẹ. Yóò dé, yóò káwọ́ sẹ́yìn.

"Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ ebè yẹn ga díẹ̀ sí i."

Ṣé ó fọwọ́ kan ọkọ́? Rárá o! Ẹnu ló fi ń roko. Irú wọn kún àdúgbò yìí, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, Àparò lọ sódò. Kó tó dé, Òkété ti so ààlè káàkiri: àkísà pupa sára ìbẹ́pẹ, ìkarahun ìgbín sára ilá, ògbólógbòó bàtà láàárín tẹ̀tẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ohun tí wọ́n bá fi ààlè sí, ẹni tó fi í síbẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ kàn án. Àparò ò fi tirẹ̀ síbẹ̀. Ó ní ta ní ń fi ààlè sí ẹ̀yìnkùlé ara ẹni?

Bó ṣe ti odò dé, ó kígbe: "Yéè! Ta ló ṣe mí báyìí?"

"Háà, Ìyá Ọlọ́mọ!" Òkété ti yọjú. "Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ọwọ́ tó bá kàn án, wíwú ni yóò wú."

Bẹ́ẹ̀, ó ti ń gbẹ́ ihò bọ̀ lábẹ́lẹ̀, ó ń retí kí ìbẹ́pẹ pọ́n tán.

Àparò wo àwọn ọmọ tí ń ké. Ó wo ààlè. Ó sọ ahá omi sílẹ̀ gbà!

"Ó dáa. Ọwọ́ tí kò gbọdọ̀ ká a, kò ní bomi rin ín."

Ni òjò bá dá. Àwọn ọmọ ń fi ikán panu. Lọ́jọ́ kẹta, òdòdó ilá ń já bọ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, koríko ga ju ata lọ, ìbẹ́pẹ ń hunjọ bí ojú arúgbó. Òkété ò lè sùn mọ́. Lọ́jọ́ kẹfà, ó já wọlé.

"Ìyá Ọlọ́mọ, kí ló ń ṣe yín gan-an? Ẹ bomi rin nǹkan wọ̀nyí!"

"Mo ń bẹ̀rù ààlè."

"Ààlè ò ní kẹ́ ẹ má bomi rin ín! Kíká nìkan ni mo ní kẹ́ ẹ má…"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù. Ehoro ń ṣa igi lẹ́bàá ọgbà, ẹ sì mọ bí etí Ehoro ṣe gùn tó.

"Ta ló ní kí wọ́n má ká a?" ni Ehoro figbe ta. Àdúgbò pé.

Ẹfọ̀n, baálẹ̀ wọn, mí kanlẹ̀. "Òkété, o ti fi ààlè pe oko yìí ní tìrẹ. Ó dáa, iṣẹ́ rẹ̀ di tìrẹ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi dé. Jíjẹ rẹ̀, tàwọn ọmọ Àparò ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Òkété ń pọnmi, ó ń làágùn. Àparò dé, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Bàbá Òkété, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ ebè yẹn ga díẹ̀ sí i."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tí kò kọ ebè, kó má so ààlè mọ́ ọn. Bàbá Ọlábímtán, ṣé ẹ ti jí? Ọkọ́ ìyàwó yín wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.