Koríko Kúkúrú Tó Ṣẹ́kù sí Òkété Lọ́wọ́

Ìdájí ni, nígbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń roko bí ènìyàn. Ìrì ṣì wà lórí ewé. Òjò kò tíì rọ̀ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ìkùukùu dúdú ti ń kóra jọ lápá ìlà oòrùn, ààrá sì ń kùn lọ́nà jíjìn bí àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Láyé ìgbà yẹn, Òkété kì í gbé inú ihò. Orí ilẹ̀ ló kọ́lé sí bíi ti àwọn yòókù. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni ilé náà ní, ó sì kọjú sí ọ̀nà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òkété pẹlẹbẹ. Ojú ọ̀sán ló ń ṣiṣẹ́, òru ló ń sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá nígbà tó ń jẹun, á ní kí olúwarẹ̀ wá bá òun jẹ.

Àwọn mẹ́ta kan wà tí àwọn àti Òkété jọ ń ṣe àáró. Ìgalà ló dàgbà jù nínú wọn. Ọ̀yà ni oníwà pẹ̀lẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Gbogbo wọn á kó ọkọ́ lọ sí oko ẹnì kan, wọ́n á kọ ebè rẹ̀ tán, kí wọ́n tó kọjá sí oko ẹlòmíràn. Bí o bá bá mi kọ tèmi, èmi náà á bá ọ kọ tìrẹ.

Ohun kan ṣoṣo tó ṣòro nínú àáró ni ẹni tí yóò ṣíwájú. Oko tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ ló máa ń kọ́kọ́ gba òjò.

Nítorí náà, koríko ni wọ́n ń fà. Ìgalà á ṣẹ́ koríko bẹẹrẹ, á mú kí gígùn wọn yàtọ̀ síra. Á di ìdí wọn mọ́wọ́, á jẹ́ kí orí wọn dọ́gba. Kálukú á fa ọ̀kan. Ẹni tó bá fa èyí tó gùn jù ló ṣíwájú. Ẹni tó bá fa èyí tó kúrú jù ló kẹ́yìn.

Lọ́dún tó kọjá, Òkété ló fa kúkúrú. Lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, òun náà ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó na ọwọ́, ó fà, ó wò ó. Koríko náà kò gùn ju èékánná lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Òkété! Ìwọ àti kúkúrú yìí, ṣé ẹ ò kúkú ní fẹ́ra yín báyìí?"

Òkété kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Ìgalà ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣí ọwọ́ yín kí n rí i."

Ìgalà ṣí i. "Kò sí nǹkan níbẹ̀, àbúrò. Àbí o rò pé mo fi kan pamọ́ ni?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí i padà."

Ìgalà yí i padà. Kò sí nǹkan lẹ́yìn ọwọ́ náà ju irun lọ.

"Bó ṣe bọ́ sí ni," Ìgalà wí. "Koríko ò lójú. Kò mọ ẹni tó ń fà á."

"Ohun tó bá bọ́, ẹnì kan ló jù ú," Òkété dá a lóhùn.

Ọ̀yà ní, "Ọ̀rẹ́ mi, bí òjò bá ń rọ̀, tí ẹ̀kán omi kan kán sí ọ lójú, ta lo máa bá jà?"

"Ẹni tó ní kí n gbójú sókè."

Wọ́n bọwọ́, wọ́n túká. Òkété ń wẹ̀yìn bó ṣe ń lọ.

Nílé, Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀pà inú igbá, ó ń yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ. Irúgbìn tó kù nílé kò ju ohun tó wà nínú igbá náà lọ. Lọ́dún tó kọjá, òjò ti ń tán lọ kí àáró tó dé oko wọn, ẹ̀pà wọn kò sì gbó. Bí èyí náà kò bá bọ́ sí ilẹ̀ tútù lásìkò, àwọn ọmọ kò ní rí nǹkan jẹ títí ọdún á fi yípo.

"Ibo ló bọ́ sí?" Àyọ̀ká bi í.

"Ẹ̀yìn."

Àyọ̀ká mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀, Bàbá Àìná. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á dé ọ̀dọ̀ wa."

"Kí ló dé tí o yára gbà báyìí?"

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Mo rí ìwọ àti ìyàwó Ìgalà létí odò. Kí lẹ ń sọ?"

"Ó ní ìkòkò òun ń jò."

"Ìkòkò," ni Òkété wí. Kò mọ ohun tí ìkòkò lè bá koríko ṣe. Ó ṣáà fi í sọ́kàn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, tí wọ́n ti gbé ọkọ́ léjìká láti lọ sóko Ọ̀yà tó fa gígùn, Òkété dúró sí àárín ọ̀nà.

"Ẹ jẹ́ ká tún un fà. Èmi ni màá dì í mú."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀, Ìgalà ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. "Jẹ́ kó dì í mú. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀."

Òkété kò gba koríko tí wọ́n nà sí i. Ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ ló ti lọ gé tirẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gé wọn, ó di ojú, ó yí wọn po mọ́ra títí òun gan-an kò fi mọ èwo ni èwo. Ó wá dì wọ́n mú pinpin.

Ìgalà fà. Ọ̀kẹ́rẹ́ fà. Ọ̀yà fà, tirẹ̀ ló sì tún gùn jù. Èyí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Òkété ni tirẹ̀. Ó ṣí ọwọ́.

Kúkúrú ni.

Ọ̀kẹ́rẹ́ pàápàá kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo gé e," Ìgalà wí pẹ̀lẹ́. "Ìwọ lo yí i po. Ìwọ lo dì í mú. Ta ló kù tí wàá fura sí?"

Òkété wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí. Ó gbé e sókè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

"Lánàá, kí a tó túká, ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ yìí náà ni."

"Gbogbo wa la bọwọ́!"

"Ti yín ló pẹ́ jù."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ká ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ̀ mí lọ́wọ́ mọ́ o. Bí ẹ̀pà rẹ̀ ò bá hù, á ní èmi ni mo kó o jẹ."

Àánú Òkété ṣe Ọ̀yà. Ó mọ bí igbá ẹ̀pà ilé Òkété ti kéré tó. Ó sọ koríko gígùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Òkété.

"Gba ipò mi. Oko rẹ ni ká lọ lónìí. Tèmi á kẹ́yìn."

Ọkàn Òkété fò sókè. Ó ti fẹ́ mú koríko náà nílẹ̀. Ó tún dá ọwọ́ dúró.

"Kí ló dé?"

"Kí ló dé kẹ̀? Mo ní kí o gbà á ni."

"Ta ló ń fa gígùn tó ń gbé e fún ẹlòmíràn? Kí lo rí níbẹ̀? Kí ló ń bọ̀ wá bá ẹni tó bá ṣíwájú?"

"Èmi ò rí nǹkan kan, ọ̀rẹ́ mi."

"O ò ní sọ ọ́, ṣé?" Òkété gbé ọkọ́ rẹ̀ kúrò lára tiwọn. "Mo yọwọ́ nínú àáró yín."

Inú Ìgalà bàjẹ́. "O mọ òfin rẹ̀. Ẹni tó bá yọwọ́, a kì í bá a roko mọ́ títí ọdún á fi yípo."

"Mo ti ń retí kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀," Òkété wí, ó sì lọ.

Wọ́n kọ ebè Ọ̀yà. Òjò àkọ́rọ̀ dé, Ọ̀yà gbin ẹ̀pà rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Àfi bí òjò ṣe dá. Oòrùn mú. Ẹ̀pà Ọ̀yà yọjú, ó wo oòrùn, ó gbẹ. Ti Ọ̀kẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé e hù ní apá kan, ó kú ní apá kejì. Ìgalà fi irúgbìn tirẹ̀ pamọ́, ó ń wo ojú ọ̀run.

"Ẹni tó fa gígùn ló fa ọ̀dá," Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

Ọ̀yà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbọn ewé gbígbẹ dànù lọ́wọ́. "Mo ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ ni. Bó bá dọdún tó ń bọ̀, bóyá màá ṣe kòńgẹ́ òjò."

Gbogbo ìgbà yìí, Òkété nìkan ló ń kọ ebè lóko rẹ̀. Alágbára ni, ì bá sì ti ṣe púpọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ọkọ́ sókè, á dúró, á wẹ̀yìn. Ewé jábọ́, ó wẹ̀yìn. Ẹyẹ fò, ó wẹ̀yìn. Èso kan já lórí igi, ó bà á léjìká, ó jókòó sábẹ́ igi náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ń retí ẹni tí yóò sọ̀ kalẹ̀. Ebè rẹ̀ kò pọ̀ rárá.

Kò tún jẹ́ kí igbá ẹ̀pà wà nílé mọ́. Ó gbé e lọ sóko, ó fi ewé bò ó. Ibi tó fi í pamọ́ sí láàárọ̀ kọ́ ló máa ń wà nírọ̀lẹ́.

Nígbà tó yá, ojú ọ̀run tún ṣú. Lọ́tẹ̀ yìí, òjò gidi ni. Atẹ́gùn tutù, èèrà ń kó ẹyin wọn gòkè. Àáró ti kọ oko Ìgalà tán. Àyè oko Òkété ló kàn, ibi tí kúkúrú gbé e sí gan-an.

Òkété gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́, ó rí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń bọ̀ tọkọ́tọkọ́. Àyọ̀ká ló ṣáájú wọn.

"Òfin ni òfin ń jẹ́," Ìgalà wí, "ṣùgbọ́n ọmọ rẹ kò yọwọ́ nínú àáró. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí, a ó kọ èyí tó tó igbá rẹ gbìn kí òjò tó dé. Òjò yìí ló dára jù láti ọdún yìí wá. Ìwọ náà á gbà á sórí ebè tuntun látòkèdélẹ̀."

Òkété kò mira. Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ mọ̀," ó wí.

"A mọ kí ni?"

"Ẹ mọ̀ pé ti iwájú á gbẹ. Ẹ mọ̀ pé ti ẹ̀yìn ló máa rí òjò. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀yà fi fẹ́ gba ẹ̀yìn lọ́wọ́ mi!"

Ọ̀yà ní, "Ẹ̀pà tèmi ló kú, Òkété."

"O lè pa á kí n má baà fura."

Àyọ̀ká kúnlẹ̀ sínú ebè. "Bàbá Àìná, ẹ dákun. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òjò kì í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ sí wa lọ́wọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká gbà á."

"Ìwọ lo lọ pè wọ́n wá?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní kí o pè wọ́n?"

Ẹ̀kán òjò kìíní kán, ó tóbi bí ẹyọ ẹ̀pà.

Ìgalà gbé ọkọ́ sókè, ó ní kí òun kúkú bẹ̀rẹ̀. Bí ọkọ́ náà ṣe balẹ̀, ó sún mọ́ ibi tí igbá wà lábẹ́ ewé. Kò mọ̀. Bó ṣe bọ́ sí ni.

Òkété fò mọ́ igbá náà. Ó ki ẹ̀pà bọ ẹnu. Ó kì í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó kì í sí tòsì, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú, tó rọ̀ bí àpò. Wọ́n ń pè é, kò lè dáhùn. Ó kọjú sí ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ àti eyín gbẹ́ ẹ. Orí rẹ̀ wọlé, ìdí rẹ̀ wọlé, ìrù rẹ̀ tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó rò pé wọ́n lè dúró dè é lẹ́nu ihò, ló bá tún gbẹ́ ẹnu mìíràn sí ẹ̀yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Òjò dé, ó rọ̀ bó ṣe yẹ kó rọ̀, sórí oko tí kò sí ẹyọ irúgbìn kan nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni òkété ti ń dá gbé inú ihò. Ẹnu ihò rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tó bá rí, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó o lọ pamọ́ kó tó jẹ ẹ́. Òru ló ń jáde, á yọ imú, á gbóòórùn, á tún fà sẹ́yìn. Àyọ̀ká náà gbẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ nígbà tó yá, ibẹ̀ ló ti tọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ náà sì dàgbà, wọ́n gbẹ́ tiwọn.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ òjò yẹn, àwọn yòókù lọ, Àyọ̀ká dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ihò, omi ń ṣàn lára rẹ̀, ó ń pe ọkọ rẹ̀. Ó ní òun nìkan ló kù. Ó ní kó ju ẹ̀pà díẹ̀ sókè, òun á dá a gbìn.

Òkété gbọ́ ọ. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, bóyá yóò gbọ́ mímí ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kó yẹ̀pẹ̀, ó dí ẹnu ihò náà látinú.