Ìkíni Ogún Ẹranko àti Ẹsẹ̀ Adìyẹ

Nígbà láéláé, kí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú yín tó dáyé, adìyẹ kì í fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Ṣe ló máa ń dúró jẹ́ẹ́, tí á máa retí ẹni tí yóò da àgbàdo sílẹ̀ fún un. Ẹ má rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọdún kan wá dé tí òjò kọ̀. Gbogbo odò gbẹ, ó ku orísun omi kan ṣoṣo, ti Erin sì ni. Erin fẹ́ràn ìṣirò ju oúnjẹ lọ, ẹ sì mọ bí Erin ṣe ń jẹun tó. Ó ní ilé tó bá dáhùn ìbéèrè òun ni yóò máa mu omi náà títí òjò yóò fi rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ilé kọ̀ọ̀kan lè dáhùn.

"Ogún ẹranko pàdé," Erin wí. "Ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba. Ẹ mọ àṣà wa, ọmọdé ní í kí àgbà, kò sì gbọdọ̀ kí wọn lápapọ̀. Gbogbo ẹni tó bá jù ú lọ ni yóò kí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkíni mélòó ló wáyé?"

Ọ̀bọ ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. "Irinwó ni, Bàbá. Ogún lọ́nà ogún."

"Àgbà wá ń dọ̀bálẹ̀ fọ́mọdé nílé yín?" Erin bi í. "Ẹnìkan sì ń kí ara rẹ̀? Máa lọlé."

Ewúrẹ́ ní ogún ni. Erin júwe ọ̀nà ilé fún un.

Lábẹ́ igi àràbà, Ìyá Adìyẹ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méje. Òùngbẹ ti mú àbíkẹ́yìn débi pé kò lè ké mọ́. Àyìnkẹ́, àkọ́bí wọn, nìkan ni ara rẹ̀ ṣì le díẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ìbéèrè náà, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán.

"Ìyá mi, ó le," ó wí. "Ó le gan-an ni." Ẹ̀rín ló ń rín o.

"Ṣọ́ra," ìyá rẹ̀ wí. "Bí o bá ṣì í, àbúrò rẹ ò ní rí ọ̀la."

Àyìnkẹ́ lọ síwájú Erin. Ó fi ẹsẹ̀ fa ogún ilà sórí ilẹ̀, ó ń so wọ́n mọ́ra wọn. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi lọ́ pọ̀ bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Ọ̀bọ bú sẹ́rìn-ín. Àyìnkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó fi ẹsẹ̀ gbá a nù, ó fò sẹ́yìn, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi ojú kan wo ilẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe Erin. "Ṣé kí n là ọ́ lóye díẹ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má tíì sọ. Ó ti fẹ́ẹ́ yé mi. Ogún ló pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí méjì."

Ẹranko méjì, ìkíni kan. Ó ha ilẹ̀, ó fò sẹ́yìn. Mẹ́ta, ìkíni mẹ́ta. Ó ha ilẹ̀, ó fi ojú òsì wò ó. Mẹ́rin, ìkíni mẹ́fà. Ó fi ojú ọ̀tún wò ó, ara rẹ̀ ò gba ìjókòó mọ́.

"Bàbá, mo rí i! Ẹni tó kéré jù yóò kí mọ́kàndínlógún. Ẹni tó tẹ̀ lé e yóò kí méjìdínlógún. Yóò máa dín bẹ́ẹ̀ títí dórí igbákejì àgbà, tí yóò kí ẹyọ kan. Àgbà pátápátá ò kí ẹnikẹ́ni."

"Ṣé wàá wá máa rò wọ́n pọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú?"

"Rárá o, Bàbá. Mo fi kan kún mọ́kàndínlógún, ó di ogún. Mo fi méjì kún méjìdínlógún, ogún náà ni. Ogún mẹ́sàn-án ló jáde báyìí, ọgọ́sàn-án nìyẹn. Mẹ́wàá tó wà láàárín ni ò rí ẹnìkejì. Igba ó dín mẹ́wàá ni."

Erin fọn, igbó mì tìtì. Ó yẹra lójú omi.

Wọ́n mu, wọ́n yó. Nígbà tí ohùn àbíkẹ́yìn padà, kò tiẹ̀ dúpẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "ẹ kọ́ mi." Ni gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, kòkòrò ń yọ lábẹ́ ìṣirò wọn, wọ́n ń ṣà á jẹ.

Láti ọjọ́ náà ni adìyẹ ti ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, tó ń fò sẹ́yìn, tó ń fi ojú kan wò ó kó tó fi èkejì wò ó. Bó bá ṣe tán níbì kan, yóò tún sáré lọ síbòmíràn. Ẹ̀yin lè rò pé kòkòrò nìkan ló ń wá. Ẹ má tètè lé e o. Bóyá ó ti fẹ́ẹ́ yé e.