Ìdí Tí Ìgbín Fi Ń Na Ìwo Kó Tó Rìn

Nígbà láéláé, orí ìgbín dán bọ̀rọ́, kò hu ìwo kankan. Òun sì ni àwọn ẹranko máa ń bẹ̀ pé kó bá àwọn wọn nǹkan. Á rìn láti ìdí nǹkan dé orí rẹ̀, ipa tó bá fà sílẹ̀ ni wọ́n á fi mọ bó ti gùn tó.

Ní ọdún tí ẹyẹ ya bo àgbàdo wọn, àwọn ẹranko ní agbára àwọn kò ká a láti ṣọ́ oko méjì tó wà níhà méjèèjì odò kan. Òkété ń dáko níhìn-ín, Ọ̀kẹ́rẹ́ ọlọ́mọ mẹ́fà ń dáko lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ibi tí àgbàdo bá ti gùn jù ni gbogbo ayé yóò kó lọ, wọ́n sì rán Ìgbín pé kó lọ wọ̀n ọ́n.

Ọ̀lẹ díẹ̀ ń bẹ lára Ìgbín, ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́. Àgbàdo ẹyọ kan péré ló wọ̀n lóko Òkété, ó wọn ẹyọ kan lóko Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ní ti Òkété gùn jù, ó parí.

Inú Ọ̀kẹ́rẹ́ bàjẹ́ gan-an. Inú ihò igi kan létí oko rẹ̀ ló bí ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí, ó wá di dandan kó fi í sílẹ̀. Ó di ẹrù, ó gbé e rù, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Ìgbín.

“Bàbá, igi kan kì í dá igbó ṣe,” ló wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wọ̀n sí i.”

Ojú ti Ìgbín. Ó wọn ogún níhìn-ín, ó wọn ogún lọ́hùn-ún; ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi wọ̀n wọ́n. Wọ́n wá to ìwọ̀n ti oko kọ̀ọ̀kan láti orí èyí tó kúrú jù dé orí èyí tó gùn jù. Lóko méjèèjì, àwọn tó mọ níwọ̀n ló pọ̀ jù. Àwọn gbọọrọ kò ju méjì-mẹ́ta lọ, àwọn kúkúrú náà bẹ́ẹ̀. Àṣé ọ̀kan nínú àwọn gbọọrọ ni Ìgbín kọ́kọ́ bá pàdé lóko Òkété.

Ìgbín jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn. Ó ní, “Ìyàtọ̀ tí mo rí báyìí kò tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ kó kúrò nílé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ọmọ mi, sọ ẹrù rẹ kalẹ̀.”

Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì jókòó lé e, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó tilẹ̀ nira, àwọn ẹranko pín ara wọn sí méjì, wọ́n sì ń ṣọ́ oko méjèèjì.

Láti ìgbà náà, kí Ìgbín tó sọ̀rọ̀, á na orí sọ́tùn-ún, á nà án sósì, bóyá ó ku ohun tí òun kò tíì rí. Ó nà án títí orí fi hu ìwo.

Láti ọjọ́ náà ni ìgbín kì í ti í rìn láìna ìwo. Bí kò bá tíì mọ ibi tó wà, á nà án gbọọrọ. Bó bá ti fi kan nǹkan dáadáa, á fà á sínú. Bẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má kán an lójú. Ẹ̀rù ń bà á ni, kó má baà tún lé abiyamọ kúrò nílé.