Ẹ̀wà Ọ̀wẹ̀ Òjèlàdé

Bí àlejò bá pẹ́ díẹ̀ ní Ìdíòpè, yóò gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó ń fi ariwo ṣiṣẹ́ pé: "Ẹni tó bo ìkòkò ló se ẹ̀wà, ẹni tó ń kó igi síná, èéfín ló sè." Ta ni í se èéfín? Kí ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́? Ẹ jẹ́ ká lọ bá Àwẹ̀ró nídìí ààrò.

Àwẹ̀ró ni aya Òjèlàdé, ọkùnrin tó mọ igi là ju gbogbo ará ìlú lọ, tó sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ilé wọn ń jò. Òjèlàdé wá bẹ ọ̀wẹ̀: ọkùnrin mẹ́wàá yóò fi koríko bẹẹrẹ bo ilé náà, onílé yóò sì bọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ Ìdíòpè ní òfin. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀ tí oúnjẹ kò tíì jinná, kálukú yóò tú ìdì koríko tó fọwọ́ ara rẹ̀ dì, yóò gbé e lọ sílé. Òjò sì ti ń ṣú lórí ọmọ tí Àwẹ̀ró pọ̀n.

Àwẹ̀ró ti rẹ ẹ̀wà sómi láti àná. Ó ki ẹ̀ka gbígbẹ mẹ́rin péré sábẹ́ ìkòkò, ó fi ọmọrí dé e. Òjèlàdé bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé iná rèé àbí tanátaná? Ọkùnrin mẹ́wàá ló fẹ́ jẹun, kì í ṣe ẹyẹ mẹ́wàá."

"Olówó orí mi, ooru ló ń se ẹ̀wà. Ẹ má ṣílẹ̀kùn fún un."

Òjèlàdé kó ìtì igi mẹ́ta síná, ó ṣí ọmọrí kí ará ọ̀nà lè rí bí ẹ̀wà ṣe ń hó. Omi ń gbẹ, ó ń bu omi tútù sí i; ẹ̀wà á dákẹ́ híhó, òun á tún kó igi sí i. Nígbà tí àwọn ọlọ́wẹ̀ tó ti wà lórí òrùlé pè é kó wá na bẹẹrẹ sókè, Àwẹ̀ró yára bu ẹ̀wà tó pọ̀ jù sínú ìkòkò mìíràn, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Ó fi amọ̀ dí ẹ̀gbẹ́ ààrò tó wà níbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má kó ooru lọ, ó dé ìkòkò, ó gbé ọmọ ọlọ lé ọmọrí. Igi méjì ló fi síná. Ó lóṣòó tì í, ó ń gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń kùn nínú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Òjèlàdé padà, èéfín kò jẹ́ kó rí i pé ẹ̀wà ti dín kù. Ó tún kó igi sí i. Èéfín gorí òrùlé. Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ọ̀kan nínú wọn kò ríran mọ́, ó di ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́ igi òrùlé.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ tomijé-tomijé. Fágbèjà, olórí wọn, ju ẹ̀wà kan sẹ́nu. Ó dún kà. Òjò kán sí i nímú.

"Òjèlàdé, ẹ̀wà yìí á dára láti fi lé ẹyẹ lóko," ó ní, ó sì yíjú sí àkàbà láti lọ tú koríko rẹ̀.

Àwẹ̀ró bá gbé ìkòkò ẹ̀yìnkùlé yọ. Iná abẹ́ rẹ̀ ti kú, síbẹ̀ ẹ̀wà ṣì ń hó, ó rọ̀ bí òwú. Wọ́n jẹun lábẹ́ òrùlé tuntun, òjò ń rọ̀ wàà lórí rẹ̀. Òjèlàdé ló jẹ jù.

"Ta ló wá se èyí tí a kọ́kọ́ jẹ lórí òrùlé, tó mú wa sín?" Fágbèjà bi Àwẹ̀ró.

"Ọkọ mi ni," Àwẹ̀ró dáhùn. "Èéfín ni. Ó sì jinná dáadáa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi jí. Òjèlàdé fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé oko, tó ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀: ẹni tó bo ìkòkò ló se ẹ̀wà, ẹni tó ń kó igi síná, èéfín ló sè.